Òkè, Igbó àti Àwo Àmàlà: Ohun Tí Ìbàdàn Ní fún Àlejò

Ìlú Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí: ibi tí àlejò ti lè jẹun kó tẹ́ ẹ lọ́rùn, àti ibi tó ti lè rìn gbẹ̀fẹ́ níta gbangba kí ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba Ìbàdàn kọjá lọ sí Ọ̀yọ́, Ìlọrin tàbí Ilé-Ifẹ̀, tó jẹ́ pé títì márosẹ̀ àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo tún ń bá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú náà sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí àbúrò yín ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lásìkò Kérésì, tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ ó mú un lọ ju ilé ìtajà ńlá lọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni Ìbàdàn wà. Bí ẹ bá kọjú sí gúúsù, igbó ni: ọ̀pẹ, kòkó, obì àti ewé oríṣiríṣi. Bí ẹ bá kọjú sí àríwá, lápá Òkè-Ògùn, ọ̀dàn ni: iṣu, ọkà bàbà, màlúù àti ewúrẹ́. Ohun tí àlejò yóò jẹ ní Ìbàdàn àti ohun tí yóò fojú rí níta, ibi ìpàdé yìí ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Epo pupa tó wà nínú gbẹ̀gìrì ti apá kan wá, èlùbọ́ tí wọ́n fi ro àmàlà ti apá kejì wá. Mi ò rí ìlú mìíràn nílẹ̀ wa tí oúnjẹ àti ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣe àlàyé ara wọn tó bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ jáde. Òkè Àárẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn. Ilé ìṣọ́ gíga kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, òyìnbó tó jẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn láti ọdún 1893. Inú ìwé ìjọba ni orúkọ òyìnbó náà pọ̀ sí. Láyípo ni àwọn ará ìlú ń pe ilé ìṣọ́ náà, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po bí èèyàn ṣe ń gòkè. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè jókòó sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí òkè náà nìkan tó o.

Ẹni tó bá gòkè dé orí rẹ̀ yóò rí òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, tó lọ salalu láti ẹsẹ̀ òkè kan dé ẹsẹ̀ òkè mìíràn. Yóò rí Gbọ̀ngàn Mápó pẹ̀lú àwọn òpó ràgàjì iwájú rẹ̀. Yóò rí Ilé Kòkó lọ́ọ̀ọ́kán ní Dùgbẹ̀. Á sì yé e, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, ìdí tí àwọn jagunjagun fi tẹ̀dó síbí ní nǹkan bí ọdún 1829. Ẹni tó bá di òkè wọ̀nyí mú yóò rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i.

Ìtàn ìlú náà tilẹ̀ pẹ́ ju ti àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn lọ. Àwọn àgbà máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí ogun tú Ìbàdàn àkọ́kọ́ tí Lágelú tẹ̀dó, orí òkè ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá sí, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Oríkì Ìbàdàn kò gbàgbé ìyà ọjọ́ náà, ìlú sì ń bọ òkè ọ̀hún títí di òní nínú ọdún Òkè'Bàdàn, nínú oṣù Ẹrẹ̀nà. Ẹ wò ó bí ó ti rí: oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ìtàn Ìbàdàn mẹ́nu bà, orí òkè ni wọ́n ti jẹ ẹ́, inú igbó ni wọ́n sì ti rí i.

Àsìkò tí ẹ bá lọ ṣe pàtàkì. Lásìkò ọyẹ́, láti ìparí oṣù Ọ̀pẹ sí oṣù Èrèlé, eruku a máa bo ojú ọ̀run débi pé Ilé Kòkó pàápàá á di bàìbàì. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò ti rọ̀ mọ́jú ló dára jù. Ojú á mọ́ kedere, ilẹ̀ á tutù, òkè tó jìnnà á dà bíi pé ó sún mọ́ yín.

Láti Òkè Àárẹ, Mápó kò jìnnà. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, iwájú rẹ̀ sì ni àwọn èrò máa ń kún sí fọ́fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi Olúbàdàn tuntun jẹ. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, kí ẹ wo àwọn lékúlẹja pẹ̀lú egbò, èèpo igi àti ewé tí wọ́n pàtẹ. Ẹ̀kọ́ nípa igbó wà lórí àtẹ wọn fún ẹni tó bá ní sùúrù láti béèrè, àwọn ìyá náà kì í sì í ṣahun àlàyé bí a bá kí wọn dáadáa. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ ra àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ àwọn tó ń dín in lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ fi mu ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ẹ́ yó. Ọ̀sán ń bọ̀.

Tó bá ti ń di agogo méjìlá, àmàlà ni. N kò ní sáré lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò ń jẹ, wọn kò mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Iṣu ni èlùbọ́ àmàlà dúdú. Àwọn tó ń ṣe é á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná láìjẹ́ kó jinná, wọ́n á fi í sílẹ̀ sínú omi náà mọ́jú, wọ́n á wá sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ koránkorán. Gbodo nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ ló di èlùbọ́. Àwọ̀ iṣu ti yí padà kó tó dé ẹnu ìkòkò. Nígbà tí wọ́n bá wá dà á sínú omi híhó, tí wọ́n fi ọmọrogùn rò ó, ló máa ń dúdú tó sì ń dán. Iṣẹ́ oòrùn ọ̀dàn ni gbígbẹ yẹn. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin Ìbàdàn kì í fi í sanwó èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà kí wọ́n tó béèrè bóyá ti Ṣakí, lápá Òkè-Ògùn, ni.

Gbẹ̀gìrì náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Wọ́n á bó ẹ̀wà, wọ́n á sè é títí á fi rọ̀ pátápátá, wọ́n á fi ìjábẹ̀ lù ú kúnná, wọ́n á fi epo, irú àti ata sí i. Ìjábẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ja ewédú, pẹ̀lú kán-ún díẹ̀. Bí gbẹ̀gìrì àti ewédú bá pàdé lórí àmàlà, tí wọ́n ta ọbẹ̀ ata lé e, àbùlà nìyẹn. Èrò tèmi ni pé ẹni tó jẹ àmàlà ní Ìbàdàn tí kò fi gbẹ̀gìrì sí i kò tíì jẹ ẹ́. Àwọn ará Ẹ̀gbá tó fẹ́ràn láfún lè bá mi jiyàn, ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

Ibo wá ni kí àlejò ti jẹ ẹ́? Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù wà ní Bódìjà: Àmàlà Skye. Ẹ̀gbẹ́ báńkì Skye tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni ó ti gba orúkọ. Lọ́dún 2018, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì yẹn, Polaris sì rọ́pò rẹ̀. Báńkì lọ, àmàlà kò lọ, orúkọ kò sì yí padà. Ẹni tó gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá àti ẹni tí ọ̀kadà já sílẹ̀, ìlà kan náà ni wọ́n jọ ń tò, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì a sì máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú awakọ̀.

Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ní Mọ́kọ́lá, ní Òkè-Àdó, ní Bẹẹrẹ, ní àwọn kọ̀rọ̀ tí kò sí pátákó kankan níbẹ̀, àwọn ìyá kan wà tí wọ́n ń ro àmàlà tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ wọ́n rọrùn. Ẹ wo ibi tí àwọn awakọ̀ takisí máíkírà bá páàkì sí lọ́sàn-án. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń ro àmàlà lọ́wọ́ tàbí ó ti pẹ́ nínú kúlà. Ẹ wò ó bóyá ọbẹ̀ ń tán kí agogo mẹ́ta tó lù. Ibi tí gbẹ̀gìrì bá ṣẹ́ kù di alẹ́, ẹ kọjá níbẹ̀. Gbẹ̀gìrì àná kan lè ba ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan jẹ́.

Bí ẹ bá dé iwájú ìkòkò, ẹ kí ìyá náà. “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.” Yóò dá yín lóhùn: “Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi. Èló lẹ fẹ́ jẹ?” Ẹ óò sọ iye àmàlà tí ẹ fẹ́, ẹ óò wá na ọwọ́ sí ẹran. Ògúnfe wà, ìyẹn ẹran ewúrẹ́ tó rọ̀ dáadáa. Ṣàkí wà, fùkù wà, ẹ̀dọ̀ wà, pọ̀nmọ́ àti bọ̀kọ́tọ̀ ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ béèrè iye ẹran kí wọ́n tó bù ú, torí ẹran ló ń gbé owó oúnjẹ ga, kì í ṣe àmàlà. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ dìde, nítorí ẹlòmíràn ń dúró de ìjókòó yín. Àlejò tó bá ń fẹ́ ṣíbí kó béèrè, kò sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá gba ata tàbí tó fẹ́ ibi tútù lè lọ sí Kokodome, ní ẹsẹ̀ Ilé Kòkó, níbi tí wọ́n ti ń jẹun létí odò ìwẹ̀. Ilé Kòkó fúnra rẹ̀ yẹ ní wíwò. Àjà 26 ni, ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ni wọ́n fi kọ́ ọ. Igbó ìhà gúúsù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló dìde dúró ní Dùgbẹ̀ yẹn. Ní àdúgbò kan náà, lọ́dún 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ nínú àgbàlá ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì kan. Wole Soyinka, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti Chinua Achebe wà lára wọn. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ mi mọ̀ ọ́n: ibi tí wọ́n ti ń jẹun níta gbangba ni ìran lítíréṣọ̀ wa kan ti ta kókó.

Lẹ́yìn oúnjẹ, abẹ́ igi ló kàn. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1948, ní ọgbà ẹranko àti ọgbà ewéko. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán wọn sì dára fún ẹni tó bá ń wo bí wọ́n ṣe ń kọ́lé tí atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé láìsí ẹ̀rọ.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 1,000 hẹ́kítà. Iṣẹ́ ìwádìí lórí iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Irúgbìn ẹ̀wà tí wọ́n kó jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó nǹkan bí oríṣi 15,000, kò sì sí ibi tó ní jù ú lọ láyé. Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì tí ẹ jẹ lọ́sàn-án, ìbátan rẹ̀ wà nínú yàrá tútù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n igbó tó wà nínú ọgbà náà ni kí àlejò tìtorí rẹ̀ lọ. Oko àwọn ará abúlé ni apá kan rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi odi yí i ká, tí wọn kò gé igi níbẹ̀ mọ́, igbó hù padà, ó sì tó ìdámẹ́ta ilẹ̀ náà lónìí. Ẹyẹ kan wà nínú igbó yẹn tí kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí èèyàn ti lè rí i àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ìbátan ẹ̀gà ni, dúdú ni ara rẹ̀, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Orúkọ ìlú wa ni àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́: Malimbus ibadanensis. Ọdún 1958 ni Elgood, ẹni tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé, ó sì ti wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè run, nítorí igbó tó ń gbé ń tán lọ. Àwọn òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá nítorí ẹyẹ yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ìyẹn sì dùn mí.

A kì í ṣàdédé wọ IITA. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ tàbí kí ẹ pè wọ́n ṣáájú. Àárọ̀ kùtù ni ẹyẹ ń jáde, nítorí náà ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021, Mọníyà ni yóò sọ̀ sí, ọgbà náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Láàrin ìlú, máíkírà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò gbé yín dé ibi gbogbo tí mo dárúkọ. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé bí ẹ bá fẹ́ gbà á fún ara yín nìkan.

Lálẹ́, ẹ lọ sí Sábó. Ọdún 1916 ni wọ́n ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa tó ń ṣòwò obì àti màlúù, àwọn ọmọ wọn sì ti di ọmọ Ìbàdàn. Súyà tí wọ́n ń yan níbẹ̀ lóru, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti yájì, kò ṣeé fi owó ilé oúnjẹ ńlá rà. Obì ń ti igbó lọ sókè, ẹran ń ti ọ̀dàn bọ̀ wá sílẹ̀: bí òwò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Ọgbà Àgódi sẹ́yìn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ẹranko àti ewéko, nítòsí Sẹkitéríàtì. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbá ọgbà náà lọ pẹ̀lú ẹranko inú rẹ̀, ó wó ilé, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn láàrin ìlú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún ọgbà náà ṣe. Ní báyìí, omi wà níbẹ̀, igi ńlá wà, àwọn ìdílé ń tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ní àlejò tó fẹ́ sinmi lásán, ibẹ̀ ni kí ẹ mú un lọ, kí ẹ gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ dání.

Òjò tó pọ̀ nìkan kọ́ ló fa àjálù ọdún 1980 yẹn. Ilé tí wọ́n kọ́ sí etí odò wà nínú rẹ̀, ìdọ̀tí tó dí ojú omi wà nínú rẹ̀. Lónìí, lẹ́yìn ìjókòó ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, ọ̀rá omi àti ike a máa fọ́n káàkiri abẹ́ igi, òjò á sì gbá wọn sínú Ògùnpa. Ẹ̀yin tó ń ṣàkóso ìlú, ẹ fi ibi ìdalẹ̀nù sí àwọn ọgbà wa, ẹ fi pátákó tó tọ́ka ọ̀nà sí ẹsẹ̀ Òkè Àárẹ, ẹ má sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti gé igbó tó ṣẹ́ kù kọ́ ilé. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wo Láyípo lásìkò ìsinmi. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì jẹun ní Àgódi lọ́sẹ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ kó ọ̀rá yín dání padà sílé.